Ẹni Tí Ó Dáhùn Ìpè Nicasia

Ruperto kò ṣubú. Ohun tí gbogbo wọn ń tún sọ nìyẹn nínú àgọ́ ìdáná ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹni pé àsọtúnsọ lè wo nǹkan sàn. Òkúta kan ló yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí àwọn Inca ayé àtijọ́ gbẹ́ sára òkè, ni òun àti sílíńdà gáàsì tó pọ̀n sẹ́yìn bá rọ̀ dirodiro lórí ọ̀gbun títí àwọn aláàárù yòókù fi fà á gòkè. Egungun kan kò ṣẹ́, awọ kan kò bó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e jókòó sórí àpò ọ̀dùnkún, kò sọ̀rọ̀, kò jẹun, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ bíi fèrèsé ilé tí àwọn ayálégbé ti kó jáde.

Nicasia ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń da àwọn ìbaaka tó ń ru ẹrù àwọn òyìnbó. Obìnrin kúkurú ni, ẹnu rẹ̀ mú, àwọn ìbaaka pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí ìyá wọn kú tó fi Ruperto ọmọ ọdún méjì sí i lọ́wọ́. Òun ló pọ̀n ọ́n lọ sóko, òun ló nu imú rẹ̀, òun ló nà án nígbà tó jí ẹyin aládùúgbò. Ní ogún ọdún tó ti kọjá lọ, kò fẹ́ ọkọ, kò bímọ, kò sì rojọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ruperto yìí ni gbogbo ohun tó ní láyé, bí ó bá sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó parí nìyẹn.

Wilbert, afinimọ̀nà wọn, ọmọ ìgboro tó ní sàtífíkéètì, ti fi ike afẹ́fẹ́ bo Ruperto nímú.

"Òkè ló ń dà á láàmú," ó ní. "Atẹ́gùn ibí fúyẹ́. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la, á bọ̀ sípò."

"Òkè wo?" Nicasia bi í. "Òkè tí wọ́n bí i sí? Wilbert, o ti gbọ́ ọ rí pé ẹja rì sómi?"

Bàbá Melitón alásè kò gbójú kúrò lórí ọbẹ̀ tó ń rò. Àgbà ni, ó ti gun ọ̀nà yìí kí wọ́n tó bí Wilbert. "Ẹ yé jà," ó ní. "Wilbert, gbé ọwọ́ ọmọ yẹn sókè, kí o fi í sílẹ̀."

Wilbert gbé e sókè, ó fi í sílẹ̀. Ọwọ́ náà kò wálẹ̀. Ó dúró lókè bẹ́ẹ̀, láàárín àgọ́, lójú gbogbo wọn, títí Nicasia fi lọ dì í mú tó sì gbé e lé orúnkún rẹ̀ padà. Ara Wilbert bù máṣọ, ó sì lọ wo àwọn òyìnbó rẹ̀.

"Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò sí nílé," Bàbá Melitón sọ. "Ẹ̀rù ló já ẹ̀mí rẹ̀ bọ́ sórí àtẹ̀gùn yẹn. O mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, Nicasia. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lo ní. Lẹ́yìn ìyẹn, òkè kì í dá ohun tó bá mú padà."

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Kò sí ọmọ kan ní abúlé wọn tí ajá kò dẹ́rù bà rí tàbí tí odò kò fẹ́ gbé lọ. Ìyá ọmọ a mú aṣọ ọmọ, a lọ síbi tí ẹ̀rù ti bà á ní ìrọ̀lẹ́, a pe orúkọ rẹ̀, a sì wọ́ aṣọ náà bọ̀ wálé. Kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn, títí yóò fi fi aṣọ náà bo ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ obìnrin ni, bíi fífọ abọ́.

Oòrùn ti ń wọ̀. Nicasia bọ́ jákẹ́ẹ̀tì pupa lára Ruperto, ó gbá ewé kóká díẹ̀ mọ́wọ́, ó sì gbọ̀nà àtẹ̀gùn. Gbogbo aláàárù ló ń wọ irú jákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ a fún wọn ní oṣù kẹrin, a sì gbà á padà bí òjò bá ti dé. Láti oṣù kẹrin náà ni Ruperto ti ń làágùn sínú tirẹ̀, ó sì ń rùn bí Ruperto. Bí Nicasia bá ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ì bá mọ ohun tó yẹ kó mú, ṣùgbọ́n ta ló ń ro nǹkan lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ilé ń jó?

Ó to ewé kóká mẹ́ta síbi tí òkúta ti yí, ó fẹ́ èémí sí wọn fún Apu, òkè ńlá tó ni gbogbo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na jákẹ́ẹ̀tì sórí ọ̀gbun, ó sì pè.

"Ruperto, máa bọ̀. Ilé yá. Má jókòó síbẹ̀, àbúrò mi, máa bọ̀."

Ohùn rẹ̀ kan ògiri àwọn Inca, ó sì padà wá bá a. Ó tún pè. Atẹ́gùn dákẹ́, àwọn ẹyẹ náà dákẹ́. Ìgbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, jákẹ́ẹ̀tì náà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, bí korobá ṣe máa ń wúwo nínú kànga nígbà tí omi bá kún un.

Ayọ̀ gbé e lọ́kàn débi pé díẹ̀ ló kù kó kígbe. Ó yí padà, ó ń wọ́ jákẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, ó sì ń lọ. Ẹsẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ oníbàtà ni, ó wúwo, ó sì ń wọ́ tọ̀tún díẹ̀. Ruperto kì í rìn bẹ́ẹ̀, fífò ló máa ń fò bí ewúrẹ́. Nicasia sọ fún ara rẹ̀ pé òtútù ló jẹ́ kó gan. Ènìyàn a máa rí àwáwí fún ohun tó bá ń wù ú.

Lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ńlá, ìyá àgbà kan nínú àwọn òyìnbó kí i pé ó kú ìrọ̀lẹ́. Nicasia kò dáhùn. Ojú ìyá náà kọ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó yà fún un kó lè kọjá. Lẹ́yìn náà ó tún yà lẹ́ẹ̀kejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí Nicasia wọ jákẹ́ẹ̀tì fún Ruperto, ọmọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó pajú dé, ó sì sùn fọnfọn.

Kí Nicasia tó jí láàárọ̀, Ruperto ti di ẹrù ìbaaka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nicasia wo okùn náà. Irú ìdì bẹ́ẹ̀ kò sí ní ìdílé wọn.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìdì yìí?"

"Ṣé ó tú ni, Nicasia?" Ruperto fi í rẹ́rìn-ín.

Orúkọ ló pè é. Láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti lè lanu ni ó ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, kódà nígbà tí wọ́n bá ń jà. Nicasia gbé e mì. Ó ní ẹni tó ti ibi tó ti ń bọ̀ dé lè gbàgbé ìwà nílé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kì í jẹ àlùbọ́sà jẹ abọ́ ọbẹ̀ alálùbọ́sà mẹ́ta, ọwọ́ òsì ló sì fi mú ṣíbí. Nígbà tí wọ́n gbéra, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n yà á ní fọ́tò. Lójú ọ̀nà, ó yà wọ inú igbó pẹ̀lú ike omi, ó bá orísun kan tí ilẹ̀ ti ya bò láti ọdún tó kọjá. Ó dúró ti òkúta gbígbẹ náà, ó ń wò ó.

"Omi wà níbí," ó ní. Ó tún un sọ, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ruperto kò wá síbẹ̀ rí láyé rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, Nicasia kò gbà fún ara rẹ̀ láti rìn níwájú rẹ̀.

Ní ọ̀sán, wọ́n dé góńgó ọ̀nà, níbi tí olúkúlùkù ti ń gbé òkúta tó mú wá láti ìsàlẹ̀ lé orí òkìtì. Ruperto gbé méjì lé e. Bí ó ti nawọ́ sókè, Bàbá Melitón rí ìgúnpá jákẹ́ẹ̀tì náà, níbi tí ẹnì kan ti fi òwú aláwọ̀ ojú ọ̀run rán yíya rẹ̀ ní ìrán ẹlẹ́nu ẹyẹ. Bàbá náà jókòó sílẹ̀ gbà.

"Nicasia, ta ló rán ìgúnpá yẹn?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Bí wọ́n ṣe gbé e fún un nìyẹn."

"Asunta ló rán an. Ojú mi ló ṣe." Ó nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. "Ìyàwó Isidro. Isidro ń bá wa ru ẹrù ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ooru mú lọ́jọ́ yẹn, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó dì í mọ́ ẹrù. Ó yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Ẹrù há sínú igbó, a sì fà á gòkè tòun ti jákẹ́ẹ̀tì, òun ní tirẹ̀ lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́."

"Níbo ló ti yẹ̀ gẹ̀rẹ̀?"

Bàbá Melitón kò wò ó lójú. "Lórí àtẹ̀gùn yẹn náà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní ká sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ní afárá ni omi ti gbé e lọ, kí ìjọba má baà ti ọ̀nà pa. A sì sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la jọ sọ ọ́."

Nicasia wo jákẹ́ẹ̀tì náà. Ó mọ ohun tó ti ṣe. Aṣọ tó mọ ara ẹni méjì ló mú lọ síbi tí ẹni méjì ti sọ ẹ̀mí nù.

Ẹni tó wọ ara Ruperto jókòó ní etí ọ̀nà, ó ń wo abúlé kékeré kan nísàlẹ̀, níbi tí èéfín ti ń jáde lórí ilé márùn-ún tàbí mẹ́fà. Nicasia lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ruperto," ó pè é. Kò mira. "Isidro."

Ó yíjú.

"Ìwọ lo pè mí," ó ní.

"Mi ò pè ọ́. Àbúrò mi ni mo pè."

"Aṣọ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ." Kò sí ìjà nínú ohùn rẹ̀. "Ọdún méjì ni mo fi jókòó síbẹ̀, Nicasia. Asunta ń pè mí ní afárá, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n ibi tí mo wà kọ́ ló ti ń pè. Ìwọ lo kọ́kọ́ wá síbi tí mo wà."

"Ruperto ńkọ́?"

"Ó dìde nígbà tó o pè é. Èmi ni mo yá jù ú lọ. Ó tẹ̀ lé wa dé etí ògiri àwọn Inca, ó ń pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n. O ò wẹ̀yìn."

Nicasia gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ojú Ruperto ló wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú àpá kékeré tí àkùkọ ṣá sí i nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ọwọ́ náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó tú ẹrù Ruperto, ó yọ fìlà olówùú tó bo etí, èyí tí òun fúnra rẹ̀ hun. Orí kan ṣoṣo ló ti wọ̀ ọ́ rí. Ó kó okùn ìbaaka lé Bàbá Melitón lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi mú u dúró títí n ó fi dé."

"Èmi?" Bàbá náà ní. "Ta ló ń mú òkú dúró, Nicasia? Ṣáà tètè lọ."

Gbogbo ọ̀sán ló fi sáré padà. Ìrọ̀lẹ́ kejì bá a lórí àtẹ̀gùn. Ó na fìlà sórí ọ̀gbun, ó pe Ruperto, ó pe oríkì rẹ̀ tí ìyá wọn fi sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ohùn rẹ̀ fẹ́ há, fìlà náà fà díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ kékeré bá di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Nicasia kọ ẹ̀yìn sí ọ̀gbun, ó ń rìn, omi ń dà lójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn fúyẹ́, ó ń fò láti òkúta dé òkúta.

Ilẹ̀ ṣú kó tó lè débi kankan. Ó wọ ahéré àwọn ọlọ́dẹ, ó jókòó, ó dojú kọ ògiri. Ẹnì kan jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Nicasia ń gbọ́ bí eyín ẹni náà ṣe ń gbá ara wọn. Ohun tí Nicasia fẹ́ ṣe jù láyé ni kó yíjú kó fà á mọ́ra, kò sì gbọdọ̀ ṣe é. Ó ti ìdajì bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sẹ́yìn láì wò ó, bí ìgbà tí wọ́n ń sùn sórí awọ àgùntàn kan ṣoṣo nílé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹnì kan fa bùláńkẹ́ẹ̀tì náà. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ bá a nìyẹn, tó ń wo ògiri.

Ọjọ́ ti rọ̀ díẹ̀ nígbà tó sọ̀kalẹ̀ sí abúlé kékeré tí Isidro ń wò lánàá. Wilbert ti kó àwọn òyìnbó lọ. Bàbá Melitón nìkan ló dúró ti àwọn ìbaaka, ó rí fìlà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì kí i. Ó fi àgbọ̀n nàka sí ilé kan.

Isidro jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan lórí ẹsẹ̀. Ọmọ náà ń jẹ àgbàdo yíyan láti inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Asunta dúró níwájú àwọn méjèèjì pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Mo mọ ohun tó o bá wá," ó ní. "Mo mọ̀ pé ojú yìí kì í ṣe ojú ọkọ mi, n kì í ṣe wèrè. Ṣùgbọ́n ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ àná, mi ò ì tíì sọ̀rọ̀, ó ti lọ mú iyọ̀ níbi tí mo ń fi í pamọ́ sí. Ó pe Yeni ọmọ wa ní orúkọ tí òun nìkan ń pè é. Àbúrò tìrẹ kò láya, kò lọ́mọ. Fi í sílẹ̀ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Nicasia dúró. Bí ó bá sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò padà sórí òkè. Asunta náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, obìnrin ni òun náà, ó ti pe ẹ̀mí ọmọ rí. Nicasia rí i lójú rẹ̀ bí ó ti ń rò ó.

"Dá mi lóhùn," Asunta ní. "Àbí odi ni ọ́? Ẹ wo obìnrin tó pe òkú tán tó wá di ẹnu. Abájọ tí ọkùnrin kankan ò fi gbà ọ́ sílé. Ọmọ tí o tọ́ yẹn, ṣé ìwọ lo bí i? Olè ọmọ ni ọ́. Ìyá rẹ ṣe dáadáa bó ṣe kú, kò ní rí ohun tó o dà."

Nicasia gé ahọ́n rẹ̀ jẹ, ó tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìbínú mú un, àánú obìnrin náà sì ń ṣe é nínú ìbínú yẹn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Asunta gbé ọkọ́ sókè.

"Asunta, ó tó," Isidro sọ.

Ó gbé ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó gbọn èérún àgbàdo kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì dìde. Kì í ṣe Nicasia ló ń wò. Ẹ̀yìn Nicasia ló ń wò.

"Ọmọ yẹn ń gbọ̀n," ó ní. "Mo mọ bó ṣe ń rí. Mi ò lè jẹun kí n sì máa wò ó."

Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó gbé e lé Asunta léjìká. "Àtẹ̀gùn ni. Afárá kọ́, irọ́ ni wọ́n pa fún ọ." Ó fọwọ́ kan ìgúnpá tí ìyàwó rẹ̀ rán. Lẹ́yìn náà ó wá síwájú Nicasia, ó sì tẹrí ba fún un, bí ọkùnrin ṣe ń tẹrí ba fún onígbàjámọ̀.

Nicasia fi fìlà bò ó lórí, ó fà á títí tó fi bo etí rẹ̀ méjèèjì. Ọkùnrin náà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó gbá ejìká Nicasia mú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Òtútù pa mí. Ẹ ò wẹ̀yìn."

Nicasia di ojú rẹ̀ mú, ó wo àpá àkùkọ, ó wo inú ojú, ẹnì kan sì wà nílé. Ó sunkún bí kò ti sunkún lọ́jọ́ tí ìyá wọn kú. Yeni wò wọ́n, ó kó wọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ ni Asunta jókòó sí, ó gbá jákẹ́ẹ̀tì mọ́ra, kò sì gbójú sókè nígbà tí wọ́n ń lọ.

Wọ́n ti rìn dé ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé. Ohùn Asunta ta sí wọn láti òkè. Kò lè dúró di ọjọ́ tí yóò dé àtẹ̀gùn. Ó gun orí ògiri àgbàlá rẹ̀, wọ́n rí pupa jákẹ́ẹ̀tì náà bó ṣe ń jù ú lókè.

"Isidro, máa bọ̀. Ilé yá, máa bọ̀."

Ruperto dúró.

"Ìwọ kọ́ ni wọ́n ń pè," Nicasia sọ fún un.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ̀."

Nicasia kò lè bú obìnrin náà. Bí ó bá jẹ́ òun ló wà lórí ògiri yẹn, yóò pè títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi bẹ́. Ó tú okùn kan lára ìbaaka, ó so ó mọ́ ọwọ́ Ruperto, ó so orí kejì mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó sì ní kí Bàbá Melitón máa lọ níwájú. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ létí odò, Asunta ṣì ń pè, okùn náà ṣì ń fà sẹ́yìn, kò sì dẹ̀.